Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Àtinúkẹ́, ìyàwó tí wọ́n gbé kẹ́yìn sí agboolé Ọ̀dọ̀fin ní Òkè-Ọ̀pẹ, ni ó kọ́kọ́ sọ èyí fún mi. Òun ni ó jókòó ti Adéfúnkẹ́, àgbà ìyàwó nínú agboolé kan náà, lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ́fíìsì kan ní Adó, ní ọdún 1978, nígbà tí akọ̀wé ìjọba ń fi rúlà àti báírò pupa fa ìlà lé orúkọ àwọn ará ilé wọn lórí.

"Ta ni Eyínfúnjowó?" akọ̀wé náà bèèrè. Akínwálé ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tínínrín kan tí kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

"Àbúrò ọkọ mi ni, sà," Adéfúnkẹ́ dáhùn.

"Ìdílẹ̀kẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni. Wọ́n ti dàgbà gan-an."

"Ajíṣafẹ́? Adúmáadán? Bàbá Kékeré?" Ó gbé báírò sílẹ̀. "Màmá, ìwé tí ẹ fẹ́ fi yọ kánsílọ̀ nípò ni mo ní kí ẹ mú wá. Ẹ̀yin wá ń ki ará ilé yín fún mi."

Ẹni tí ó wà ní tábìlì kejì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa Àtinúkẹ́ náà, kí ó tó rí i pé Adéfúnkẹ́ ti ń tọ́ka sí àwọn àtàǹpàkò inú ìwé náà.

"Orúkọ wọn ni mo kọ, sà. Kálukú ló fi àtàǹpàkò ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

"Orúkọ tí ẹ̀ ń pè wọ́n nínú ilé nìyẹn. Ìwé olùdìbò nìyí. Ẹ bá mi wá Ìdílẹ̀kẹ̀ níbẹ̀."

Adéfúnkẹ́ kò wá a. Ó ti mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Ní agboolé Ọ̀dọ̀fin, ìyàwó kì í fi ẹnu pe orúkọ ẹni tí ó bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ ni ó bá. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ tí yóò máa pè é. Ó ti tó ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí Adéfúnkẹ́ ti ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Eyínfúnjowó, eyín ọkùnrin náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ká tán kí ó tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ọdún méjì péré ni ó fi kọ́ bí a ti ń kọ̀wé, ní kíláàsì àwọn àgbà tí Tíṣà Olúmidé ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí wọ́n ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò kọ orúkọ, òun ni wọ́n yàn. Ó gbé ìwé àti páàdì tàdáwà láti yàrá dé yàrá. Kò bèèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí kí ìyàwó bèèrè orúkọ ọmọ ilé lójú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí kí ó pè é. Ohun tí ẹnu rẹ̀ ń pè ni ọwọ́ rẹ̀ kọ. Nígbà tí ó kà á sí wọn létí, gbogbo wọn mi orí, wọ́n ní ó dára.

Akínwálé ka ìlà pupa tí ó fà. Ó jẹ́ mẹ́tàléláàádọ́ta.

"Orúkọ 402 lẹ mú wá. Ó ku 349. Àwọn tó wà nínú ìwé olùdìbò wọ́ọ̀dù yín jẹ́ 760. Ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ. 381 ni mo fẹ́."

"Ó ku méjìlélọ́gbọ̀n," Adéfúnkẹ́ sọ wẹ́rẹ́.

"Ọjọ́ méje ni mo fún yín. Kí kálukú wọn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, síwájú orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò. Tí ọjọ́ méje bá kọjá, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó ká ìwé náà. "Mo tún gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí kánsílọ̀ yín. Òfin ni. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yọ gbọ́dọ̀ mọ àwọn tó fẹ́ yọ òun."

Bọ́sẹ̀ ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n dé. Ọmọ Adéfúnkẹ́ ni. Ó ti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìgèdè wá láti wá bí àkọ́bí rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ.

"Màmá, ṣé wọ́n gbà á?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú máa lọ sí Adó. Ẹ̀gbọ́n Àtinúkẹ́ ìyàwó wa ní yàrá kan nítòsí ilé ìwòsàn."

"O ò ní lọ bímọ sí yàrá àlejò. Mo ní wọn yóò ṣí i kí oṣù rẹ tó pé."

Ilé ìgbẹ̀bí ni ó ń sọ. Ìlú ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Adéfúnkẹ́ wà lára àwọn tí ó ru iyanrìn. Kò tó oṣù mẹ́ta tí Ọláoyè di kánsílọ̀ tí ó fi gbé nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí lọ sí ìlú ìyá rẹ̀, tí ó ti ilẹ̀kùn, tí ó sì ń kó kòkó tirẹ̀ sínú ibẹ̀. Láti ìgbà náà, obìnrin méjì ni ó ti kú sínú mọ́tò lójú ọ̀nà Adó. Fọláṣadé, ẹ̀gbọ́n Bọ́sẹ̀, ni èkejì wọn.

Ẹ̀dà ìwé náà tètè dé ọwọ́ Ọláoyè. Ní Ọjọ́bọ̀, Folúkẹ́ tí ń ta ọṣẹ dé ọjà, ó bá ẹlòmíràn lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Orúkọ Folúkẹ́ hàn gedegbe nínú ìwé náà. Tíṣà Olúmidé ni ó kọ ti agboolé tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ọláoyè fúnra rẹ̀ wá sí agboolé Ọ̀dọ̀fin. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Òjó, àgbà ilé náà. Ó bèèrè àlàáfíà ọmọ àti ìyàwó. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo kà á dáadáa, Bàbá. Mi ò rí ará ilé yìí kankan níbẹ̀, àfi àwọn ìyàwó mélòó kan. Inú mi dùn. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi." Ó wo gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ká. "Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Ta ló ń jẹ́ Eyínfúnjowó?"

Eyínfúnjowó pa ẹnu rẹ̀ dé pinpin.

"Ọkùnrin náà á rẹwà o," ni Ọláoyè wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni Adéfúnkẹ́ pe gbogbo ilé jọ, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó tẹ́ ìwé olùdìbò sórí àpótí, ó ṣí páàdì tàdáwà, ó kúnlẹ̀, ó sì ṣàlàyé. Àwọn ìyàwó ilé ni ó kọ́kọ́ dìde, àwọn tí ó ti kọ ní Ìyá Táyọ̀ àti Ìyá Ìbejì. Wọ́n sọ orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Mọ́kànlá ni wọ́n. Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tí ó mira.

"Ó ku mọ́kànlélógún," ni ó wí. "Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyàwó wa, o ṣeun," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Bí o ti kọ ọ́ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn."

"Wọ́n ti fa ìlà lé e."

"Kí wọ́n fà á. Kò dùn mí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìdílẹ̀kẹ̀ ní òun ti darúgbó jù fún wàhálà. Ajíṣafẹ́ ní ìsọ̀ ìyàwó òun wà ní ẹ̀gbẹ́ ti Folúkẹ́. Nígbà náà ni ó yé Adéfúnkẹ́: orúkọ tí ó fi ṣìṣe ti di ibi ìsápamọ́ fún wọn, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ jáde.

Ó yíjú sí Bàbá Òjó. Gbogbo ilé mọ̀ pé bí bàbá náà bá tẹ̀ ẹ́, àwọn yòókù yóò tẹ̀ lé e.

"Bàbá Àgbà, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀."

"Orúkọ wo ni mo fi tẹ̀ ẹ́?"

"Bàbá Àgbà ni mo kọ, sà."

"Bàbá Àgbà pọ̀ ní Èkìtì." Kò wo ojú rẹ̀. "Òjó ọmọ mi ló ń wa katakata kánsù. Ọmọ mẹ́fà ló ń bọ́. Ìyá Bọ́sẹ̀, fi mí sílẹ̀."

Bọ́sẹ̀ fara ti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Adéfúnkẹ́ fa ìwé olùdìbò súnmọ́ra. Ó fi ìka tọ ìlà kan dé ìparí, ó sì kà á sókè, bí wọ́n ti kọ́ ọ láti kàwé ní kíláàsì.

"Ọlátúbọ̀sún."

Ẹni tí ń gúnyán lẹ́yìnkùlé dá ọwọ́ dúró. Àtinúkẹ́ ní òun fi ọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni pé òun ni òun sọ ọ́.

"Kí lo wí?" Eyínfúnjowó pariwo. "Ìwọ ìyàwó yìí, ṣé orí rẹ pé?"

"Ọlátúbọ̀sún," ó tún kà á. Omi ti lé ròrò sí i lójú, ó sì gbé ojú sókè wo Bàbá Òjó. "Ẹ̀yin lẹ gbé Fọláṣadé sínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, sà. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lára agbádá yín. Mo pè yín. Ẹ dá mi lóhùn."

Bàbá Òjó wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Àtinúkẹ́ ní òun rò pé yóò nà án sí páàdì tàdáwà. Lẹ́yìn náà ó fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, ó sì dìde.

"Ẹni tí o ń pè kò sí n'ulé," ni ó wí, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Àwọn yòókù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Adéfúnkẹ́ lórí eékún rẹ̀.

Àtinúkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí rẹ̀. "Ìyá mi, àtàǹpàkò tó ju ogún lọ ló wà lọ́wọ́ àwa ìyàwó ilé. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

Adéfúnkẹ́ wo páàdì náà títí. "Èmi tí mo kọ ọ́ yóò mọ̀," ni ó wí, ó sì pa á dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó fúnra rẹ̀ di ẹrù Bọ́sẹ̀. Ó fi aṣọ ọmọ tuntun sísàlẹ̀, ó gbé ọṣẹ àti àdí lé e. Kò sọ̀rọ̀ yàrá àlejò mọ́. Wọ́n jọ rìn dé ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ̀bí tí òórùn kòkó ń ti ojú fèrèsé rẹ̀ jáde. Níbẹ̀ ni Adéfúnkẹ́ ti fa ewé kan ya kúrò nínú ìwé orúkọ náà, ó gbé e lé orókún, ó sì kọ̀wé sí i díẹ̀díẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń kọ, Màmá?"

"Orúkọ rẹ. Èyí tó pé, àti ti bàbá rẹ, àti ti ọkọ rẹ. Má sọ fún wọn pé Bọ́sẹ̀ ni ọ́. Ìwé yìí ni kí o fún nọ́ọ̀sì."

Bọ́sẹ̀ kà á. Ó ká a, ó fi í sáyà. Mọ́tò Ìjàn tí ń lọ sí Adó yọ, ó dúró. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ na ọwọ́ gba ẹrù, wọ́n sì ran aboyún náà lọ́wọ́ gòkè. Ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ obìnrin kan tí ó gbé adìẹ lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú.

"Bọ́sẹ̀!" Adéfúnkẹ́ pè é.

Mọ́tò náà ti ṣí. Ọ̀nà Adó tí ó wà níwájú ni Bọ́sẹ̀ ń wò, kò sì wẹ̀yìn.