Orin Tí Alálàyé Ṣàlàyé

Bàbá oníduùrù kò fẹ́ràn ọkọ ọmọ rẹ̀, kò sì fi bò. Alálàyé ló sọ ọ́ lórúkọ. Ọkùnrin tí kò lè fi ìka méjì tẹ duùrù kó dún ire, òun ló kọ ìwé tí yóò jẹ́ kí orin àwọn ògbólógbòó òyìnbó yé tolórí-tẹlẹ́mù: èyí dití, èyí kú ní rèwerèwe, èyí bímọ bí ẹní fọ́n àgbàdo. Àgbá òfìfo! Bàbá ka ojú ìwé mẹ́ta, ó fi èyí tó kù gbé ilẹ̀kùn dúró kí atẹ́gùn má baà gbá a dé.

Ohun tó ń dùn ún gan-an ni pé òun náà ń kọ orin láti ìgbà èwe. Wọ́n kún àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè wọn rí.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn tẹ duùrù lọ́jọ́ tí ọkọ òun máa ṣàlàyé ìwé náà, kíá ló gbà. Ẹ̀rín ń pa á nínú. Dípò orin Bach, ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó inú ìwé náà, tí wọ́n ní kó tẹ̀, tara rẹ̀ ni yóò tẹ̀. Bí Alálàyé bá ti wá ṣàlàyé rẹ̀ tán tòun ti ìgbéraga, òun yóò dìde, òun yóò tú u fó lójú gbogbo ayé.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Ìsàlẹ̀ àpótí ni bàbá ti fa orin kan yọ, èyí tó ń falẹ̀, tí kò tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, Alálàyé di ojú, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ tẹ́tí dáadáa," ó ní. "Bach rìnrìn àjò. Kó tó dé, ìyàwó ẹ̀ ti kú, wọ́n ti sin ín. Nínú orin yìí, ohun tó ń bi wọ́n ni pé, ẹ ò ṣe dúró dè mí?"

Òpè! Ta ló sọ fún un? Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín kò wá. Òun náà lọ tẹ duùrù níbi ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni nígbà kan. Kó tó dé, erùpẹ̀ ti ń gbẹ lórí sàréè ìyá ọmọ rẹ̀. Orin tó kọ lọ́sẹ̀ náà ló ń tẹ̀ yìí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, òmùgọ̀ yìí wá dúró, ó ń kà á síta láìmọ̀.

Orin parí. Obìnrin kan ń nu ojú. "Bach mà mọ̀ ọ́n kọ o!"

Bàbá dìde. Ó ti gbàgbé ẹ̀sín tó fẹ́ fi Alálàyé ṣe.

"Bach kọ́. Èmi ni mo kọ ọ́."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alálàyé gbá a mọ́ra. "Ẹ má dá wọn lóhùn jàre, bàbá wa fẹ́ràn àwàdà." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àwàdà náà ju bí wọ́n ṣe pa á fún orin lọ.

Ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ ti ibi ìgbéyàwó yẹn dé, òun ló ṣílẹ̀kùn fún un, tó sọ fún un pé wọ́n ti gbé màmá lọ sin.