Àká Kan, Ilẹ̀kùn Kan

Ẹni tó bá rò pé àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà kì í jowú, ì bá wá jókòó ti Solfrid ní Trondheim lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday yẹn. Àbá mẹ́tàlélógún látọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ló wà níwájú rẹ̀, mẹ́fà péré sì ni ẹgbẹ́ wọn fẹ́ mú fún ìpàdé ọdọọdún. Àwọn mẹ́rin ló ń fún àbá ní máàkì, láti orí oókan dé márùn-ún, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọn kì í fi orúkọ ẹni tó kọ àbá hàn. Wọ́n tún máa ń ní kí oníkálukú yọ ohunkóhun tí wọ́n lè fi dá a mọ̀ kúrò nínú ohun tó kọ. Òfin kan wà tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ: bí o bá dá ẹni tó kọ àbá kan mọ̀, sọ ọ́ síta, má sì fún un ní máàkì.

Ó wá dé orí ìkọkànlá.

"Àká kan, ilẹ̀kùn kan" ni àkọlé rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní dátà ilé iṣẹ́ dà bí ọkà nínú àká. Bí apá kọ̀ọ̀kan nínú ètò kọ̀ǹpútà bá ń dá ihò tirẹ̀ lu sára ògiri láti bu ọkà, ọjọ́ tí wọ́n bá tún inú àká tò ni gbogbo ilé máa dàrú. Ẹ ṣe ilẹ̀kùn kan, ẹ fi ẹ̀ṣọ́ kan síbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ nǹkan béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Òun Solfrid ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ní ọ́fíìsì wọn, ní ọdún méje sẹ́yìn. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó sọ ọ́ fún Gunnhild, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, níbi tí wọ́n ti ń mu bíà lẹ́yìn ìpàdé kan. Kò pé ọdún, Gunnhild gun orí pèpéle, ó fi ọ̀rọ̀ náà pa ogóje ènìyàn lẹ́rìn-ín, wọ́n sì rọ̀gbà yí i ká nídìí kọfí. "Bí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe máa ń wí," lohun tó sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan. Ṣé ọ̀rẹ́ náà ò lórúkọ ni? Látìgbà yẹn, wọ́n ń pe Gunnhild sí Oslo, wọ́n ń pè é sí Stockholm, Solfrid sì ń jẹ àkàrà òyìnbó wáfù lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ń jowú, òun náà sì mọ̀.

"Ó tún ti dé," ló wí.

Eilif, ọkọ rẹ̀, gbójú sókè níbi tó ti ń bó ọ̀dùnkún. "Ta ló dé?"

"Olè ọ̀rọ̀. Ó tún fẹ́ ta ọjà mi fún mi."

"O ti dá a mọ̀ nìyẹn. Ṣebí òfin ní kó o yẹra?"

"Ta ló ní mo dá a mọ̀? Ṣé o rí orúkọ níbẹ̀ ni?"

Eilif padà sídìí ọ̀dùnkún rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi bá obìnrin yìí gbé, ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn pa ẹnu mọ́.

Solfrid fún àbá náà ní oókan. Ìyẹn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Níbi tí wọ́n fi àyè àlàyé sí, ó kọ ọ́ pé: "A ti gbọ́ gbogbo èyí rí. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní ohun kan tó jẹ́ tirẹ̀ láti sọ." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó jẹ ọ̀dùnkún rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé ní yàrá kan ní ilé ìkàwé. Wọ́n ro máàkì pọ̀. Àbá kọkànlá ṣe ipò keje, máàkì kan ló sì fi kùnà. Àwọn mẹ́ta yòókù ti fún un ní márùn-ún márùn-ún. Ingebrigt, alága wọn, wá tú orúkọ gbogbo wọn síta.

"Ó mà ṣe o," ló wí. "Asbjørn ló ni eléyìí. Ṣé kì í ṣe ọ́fíìsì yín ló wà, Solfrid?"

Solfrid wá orúkọ kan níbẹ̀, kò rí i. "Gunnhild ńkọ́?"

"Gunnhild ò kọ nǹkan kan lọ́dún yìí. Ó ní kí àwọn míì náà ráyè."

Wọ́n ní òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ti Solfrid pa nǹkan ní tirẹ̀, àmọ́ adìyẹ ilé ara rẹ̀ ló pa. Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá ni Asbjørn ti ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Solfrid ló sì kọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bí wọ́n bá ní kó sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn mẹ́rin. Solfrid kan náà ló ti ń yọ ọ́ lẹ́nu látèṣí pé kó lọ sọ̀rọ̀ nípàdé. Asbjørn kò sọ fún un pé òun ti kọ àbá, torí ó mọ̀ pé Solfrid wà lára àwọn tó ń fúnni ní máàkì. Ó sì pa òfin mọ́: ó yọ ọkọ̀ ojú omi kúrò, ó yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò, ó yọ ẹ̀yìn tó ń dùn ún kúrò. Ohun tí Solfrid kọ́ ọ ló ṣẹ́ kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Asbjørn ti wà lórí àga rẹ̀ kí Solfrid tó dé.

"Wọn ò mú mi," ló wí. "Má fèsì o, mo mọ̀ pé o ò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan. Ẹnìkan kọ ọ́ sínú èsì tí mo gbà pé mi ò ní ohun tó jẹ́ tèmi. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti kó gbogbo ẹ̀. Ká ní mo dé orí pèpéle ni, orúkọ rẹ ni ǹ bá kọ́kọ́ dá."

Solfrid ì bá dákẹ́. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n, ọkùnrin yìí ò ní mọ̀ láéláé. Ó tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀: ó bọ́ kóòtù, ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ló wí.

Asbjørn yí àga rẹ̀ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ ò pọ́n.

"Ṣé o mọ̀ pé èmi ni?"

"Rárá o. Mo rò pé Gunnhild ni."

"Ká ní o mọ̀ ńkọ́? Mélòó lò bá fún mi?"

"Márùn-ún. Mi ò tiẹ̀ ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì."

"Fún ọ̀rọ̀ kan náà?"

"Fún ọ̀rọ̀ kan náà."

"O ò kà á nìyẹn," ni Asbjørn wí, ó sì yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Kò fi ìbínú sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ kan há mọ́ Asbjørn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ dátà náà ni. Solfrid mọ̀ ọ́n bó bá rí bẹ́ẹ̀, torí á máa fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó dìde láti lọ bá a, bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún mẹ́ta. Kó tó dé ẹ̀yìn àga rẹ̀, ó rí i pé lẹ́tà ló ń tẹ̀ láti fi béèrè ìrànlọ́wọ́, ó sì rí orúkọ ẹni tó ń kọ ọ́ sí. Gunnhild ni. Solfrid yà sídìí kọfí, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ń lọ tẹ́lẹ̀.