Ìpè Ọjọ́ Ìkórè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, Ayọ̀níkẹ́ ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Màmá Tóbi nínú ìjọ. Kò ṣe é láti bí ẹnikẹ́ni nínú. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, irú ìfẹ́ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, èyí tí kì í jẹ́ kí wọ́n rí ara gbé sójú kan. Nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni òun àti àwọn márùn-ún kan nínú ìjọ wọn ní àdúgbò Adébáyọ̀ nílùú Adó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ẹgbẹ́ Alátìlẹ́yìn. Iṣẹ́ wọn ò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ìdílé kan bá gba ọmọ ọlọ́mọ sílé láti tọ́, ẹgbẹ́ á gbé oúnjẹ lọ, wọ́n á bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n á tẹ̀lé ìyá lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà níbi tí ìjọba ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, wọ́n á sì jókòó ti bàbá lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá sú u.

Ìdílé tí wọ́n fi lé Ayọ̀níkẹ́ lọ́wọ́ ni ìdílé Bámidélé. Bámidélé fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, nọ́ọ̀sì ni Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì ní ọmọbìnrin kan, Moyọ̀sọ́rẹ, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá ń sùn. Ó ti lé lọ́dún kan tí wẹ́fíà mú Dùnmínínú wá bá wọn láti Ìgèdè. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí bàbá rẹ̀ wọlẹ̀ sí. Ìyá ìyá rẹ̀ ló kù, ojú màmá náà sì ti fọ́, kò lè dá ọmọ tọ́ mọ́.

Dùnmínínú kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àǹtí ló kọ́kọ́ ń pe Sẹ̀gilọlá. Nígbà tó yá, ó di Mọ́mì Moyọ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń rẹ́ ilá, ó ní, "Mọ́mì, ẹ gba ọ̀bẹ," kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni tì í. Sẹ̀gilọlá gba ọ̀bẹ bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ó rọra dìde, ó wọ balùwẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì pe Ayọ̀níkẹ́ lórí fóònù. Àwọn méjèèjì sunkún ayọ̀ títí tí Bámidélé fi ń kanlẹ̀kùn pé kí ló dé.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń dun Ayọ̀níkẹ́. Nínú ìjọ wọn, bó bá di ọjọ́ ìkórè, ìdílé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè. Wọ́n á dárúkọ ìdílé sínú máíkì, akọrin á dá orin, gbogbo ará ilé náà á sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa jó lọ síwájú pẹ̀lú iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìyẹ tí wọ́n fẹ́ fi dúpẹ́. Kò sí ọmọ tí kì í retí ìpè yẹn. Ayọ̀níkẹ́ wò ó pé àwọn ọmọ àgbàtọ́ kàn ń fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ àwọn ẹlòmíràn ni. Ó fẹ́ kí wọ́n ní ìpè tiwọn, kí gbogbo ìjọ rí wọn, kí wọ́n gbàdúrà fún wọn, kí wọ́n sì mú ìrànlọ́wọ́ wá. Ó bá Bàbá Àjàyí, alága ìkórè, fà á láti ìgbà ọyẹ́ títí iṣu tuntun fi jáde. Bàbá Àjàyí ní ohùn tí ò nílò máíkì rárá, síbẹ̀ kì í gbé máíkì sílẹ̀. Nígbà tí etí bàbá náà ò gbà á mọ́, ó ní ó dáa, òun gbà.

Ọjọ́ ìkórè pé. Sẹ̀gilọlá ti rán aṣọ kan náà fún gbogbo ilé, ti Dùnmínínú ló sì dára jù. Wọ́n pe ìdílé Bámidélé. Bàbá dìde, ìyá dìde, Moyọ̀sọ́rẹ ti ń jó kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Dùnmínínú náà dìde pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọsàn lọ́wọ́, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín tí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn síta.

Bàbá Àjàyí rí i, ó sì rántí ìlérí tó ṣe.

"Ọmọ mi, ìwọ dúró ná," ó wí nínú máíkì tìfẹ́tìfẹ́. "Àwọn ọmọ àgbàtọ́ ní ìpè tiwọn lẹ́yìn."

Orin ti ń lọ, gbogbo èèyàn sì ń wò wọ́n. Sẹ̀gilọlá fọwọ́ lé èjìká ọmọ náà pé kó jókòó, ó gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Moyọ̀sọ́rẹ. Àwọn mẹ́ta jó lọ síwájú. Dùnmínínú nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí wọ́n wá pe àwọn ọmọ àgbàtọ́, Ayọ̀níkẹ́ ti na apá méjèèjì níwájú pẹpẹ láti gbà wọ́n, inú rẹ̀ ń dùn. Àwọn ọmọ mẹ́rin jáde. Àwọn èèyàn ń fi fóònù yà wọ́n, ìyá kan tiẹ̀ ń sunkún sókè bíi pé òkú ló rí. Ayọ̀níkẹ́ wo bẹ́ǹṣì àwọn Bámidélé, kò rí Dùnmínínú níbẹ̀. Kí wọ́n tó pín oúnjẹ ìkórè tán, Dùnmínínú ti wọ mọ́tò Ìgèdè.

Obìnrin tó wà ní wẹ́fíà kò fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré. Ó ní ọmọ tó dàgbà tó báyìí lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu rẹ̀, àwọn ò sì ní fi tipátipá gbé e padà. Bí kò bá fẹ́ ilé Bámidélé mọ́, ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní ìlú mìíràn ló kù, torí màmá tí kò ríran kò lè tọ́ ọ. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Ìdúpẹ́ Ìkórè làwọn máa gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìdúpẹ́ Ìkórè sì rèé, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni, ọjọ́ tí wọ́n tún máa ń pe àwọn ìdílé lẹ́ẹ̀kejì láti fi kádìí ayẹyẹ náà.

Ayọ̀níkẹ́ kọ́kọ́ bínú sí Bàbá Àjàyí. Lẹ́yìn náà ó bínú sí Sẹ̀gilọlá. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, kò rí ẹlòmíràn bínú sí mọ́, ó wá ku òun nìkan. Ó jókòó, ó gbàdúrà kékeré kan tí kò ní ọ̀rọ̀ dídùn nínú. Ó ní, "Olúwa, ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Mi ò ní jókòó tì í." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba Ìgèdè lọ.

Ó bá màmá àgbà níwájú ilé, ó ń pa ẹ̀gúsí, àwọn ìka rẹ̀ ló fi ń ríran. Dùnmínínú kúnlẹ̀ kí Ayọ̀níkẹ́ dáadáa, ó gbé omi fún un, ó sì jìnnà sí i díẹ̀.

"Ṣé ẹ tún fẹ́ pè mí jáde ni, mà?"

"Rárá o. Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Ohun tí mo ṣe ò dáa."

Ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ ro ilẹ̀.

"Mi ò bínú sí yín, mà. Ẹ ò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti dìde. Mọ́mì ló ní kí n jókòó."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ayọ̀níkẹ́ lára. Màmá àgbà ló gba ọ̀rọ̀ sọ, kò sì dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró.

"Ó wù mí kó wà lọ́dọ̀ mi nínú ulé yìí," ó wí. "Ṣùgbọ́n uná lásán, mi ò lè dá a mọ́. Uṣẹ́ tẹ́ ẹ bá máa ṣe, ẹ tètè ṣe é."

Ayọ̀níkẹ́ kò dúró níbì kankan lọ́nà. Ilé Sẹ̀gilọlá ló lọ tààrà, ó sì sọ ohun tí ọmọ wí fún un, kò fi oyin sí i. Sẹ̀gilọlá, tó ti rí oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tí kò mikàn, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kíṣìnnì.

"Ẹ̀yin ni mo gbọ́ràn sí lẹ́nu, Màmá Tóbi," ó wí. "Mo rò pé ohun tí ìjọ fẹ́ nìyẹn. Ojú tì mí láti bá Bàbá Àjàyí jiyàn níwájú gbogbo èèyàn."

"Mo mọ̀. Ìwọ lọ bá ọmọ náà ní Ìgèdè, kó o sọ bẹ́ẹ̀ fún un."

Ó lọ lóòótọ́, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ lọ́rùn. Dùnmínínú kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí." Sẹ̀gilọlá bẹ̀ ẹ́, ọmọ náà sì gbọ́ ọ jẹ́jẹ́, ó ní kò burú, àmọ́ kò tẹ̀lé e. Àǹtí ló tún pè é nígbà tó ń sìn ín dé gáréèjì. Sẹ̀gilọlá sọ èyí fún Ayọ̀níkẹ́. Inú Ayọ̀níkẹ́ bàjẹ́ gan-an, síbẹ̀ kò gbà pé ó ti parí.

Ó kọjá sọ́dọ̀ Bàbá Àjàyí. Ó ní kí wọ́n yọ ìpè àwọn ọmọ àgbàtọ́ kúrò pátápátá lọ́jọ́ Ìdúpẹ́. Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀, ó sì wò ó bí ẹni pé kò dá a mọ̀.

"Ẹ̀yin yìí kọ́ lẹ fi ìpè yìí han etí mi léèmọ̀ láti ìgbà ọyẹ́?" ó bi í. "Àwọn èèyàn ti ṣèlérí ìrẹsì, wọ́n ti ṣèlérí bàtà ilé-ìwé. Bí wọn ò bá rí àwọn ọmọ, ta ni wọ́n máa gbé e fún?"

Ayọ̀níkẹ́ mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ náà nílò bàtà. Ó rò ó díẹ̀.

"Ẹ pe àwa," ó wí. "Ẹ pe Ẹgbẹ́ Alátìlẹ́yìn. Kí ẹni tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ wá bá wa níwájú, ká jọ pín ìdílé tá a máa tì lẹ́yìn. Kí àwọn ọmọ jáde nígbà tẹ́ ẹ bá pe ilé wọn."

"Ẹ̀yin àgbàlagbà mẹ́fà á wá dúró síbẹ̀ kí wọ́n máa fi fóònù yà yín, kí wọ́n máa káàánú yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kí ojú ti àwa náà wò."

Bàbá Àjàyí rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́. Ó fa ìlà pa ìpè àwọn ọmọ àgbàtọ́ rẹ́ nínú ìwé ètò lójú Ayọ̀níkẹ́.

Kí Dùnmínínú tó gbà láti wá síbi Ìdúpẹ́, màmá àgbà ló ṣe é. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ orin ìkórè Adó gbẹ̀yìn, ta ni yóò sì mú òun lọ́wọ́ dání. Dùnmínínú ní òun á mú wọn lọ, òun á sì mú wọn padà sí Ìgèdè lọ́jọ́ náà. Bámidélé fi mọ́tò lọ gbé wọn. Kò bi ọmọ náà ní ohunkóhun lọ́nà, ó kàn ń bá màmá sọ̀rọ̀ àgbàdo.

Sẹ̀gilọlá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé wọ aṣọ ìkórè ọjọ́sí. Oníkálukú wọ èyí tó rí. Dùnmínínú jókòó láàárín màmá àgbà àti Moyọ̀sọ́rẹ, Ayọ̀níkẹ́ sì wà lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn wọn gan-an.

Wọ́n kọ́kọ́ pe Ẹgbẹ́ Alátìlẹ́yìn. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró níwájú, wọ́n ń làágùn, àwọn ọ̀dọ́ ń yà wọ́n. Ìtìjú náà tó bẹ́ẹ̀ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn jáde bá wọn, tọkọtaya méjì tiẹ̀ béèrè bí àwọn náà ṣe lè gba ọmọ tọ́. Ayọ̀níkẹ́ padà jókòó.

"Ìdílé Bámidélé," Bàbá Àjàyí pè.

Akọrin dá orin. Dùnmínínú ò mira, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Sẹ̀gilọlá náà ò mira. Bámidélé jókòó síbẹ̀, iṣu wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ, tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ títí àdúrà fi ń parí, gbá apẹ̀rẹ̀ ọsàn mọ́ra, ó sì dákẹ́ bí àgbà.

Orin parí. Akọrin wo ara wọn, wọ́n tún un dá. Àwọn èèyàn ti ń yíjú padà. Bàbá Àjàyí tún pè, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí i. Ẹsẹ̀ Ayọ̀níkẹ́ ń yún un láti dìde, kó lọ ṣàlàyé, kó lọ tún nǹkan ṣe bó ti máa ń ṣe. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ǹṣì iwájú mú, ó sì fi agídí jókòó.

Sẹ̀gilọlá tẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ náà díẹ̀, ohùn rẹ̀ ò kọjá bẹ́ǹṣì méjì.

"Dùnmínínú, a ò lọ síbì kankan láìsí ìwọ. Bí o ò bá fẹ́ dìde lónìí, gbogbo wa la máa jókòó."

Ọmọ náà gbójú sókè wò ó. Ó wo Bámidélé pẹ̀lú iṣu rẹ̀, ó wo Moyọ̀sọ́rẹ. Màmá àgbà ò rí nǹkan kan, àmọ́ ó tú ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀.

Dùnmínínú dìde. Ó gba apẹ̀rẹ̀ ọsàn lọ́wọ́ Moyọ̀sọ́rẹ.

"Mọ́mì, ẹ dìde," ó wí. "Àwa ni wọ́n ń pè."