Apá Ọ̀tún Ọkàn Aránṣọ

Ẹsẹ̀ obìnrin náà ni ayàwòrán ọsibítù kọ́kọ́ rí. Ó wú débi pé kò lè wọ bàtà rẹ̀ délẹ̀, ńṣe ló tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ayàwòrán gbójú sókè, ó mọ̀ ọ́n: aránṣọ tí òun ya àwòrán ọkàn rẹ̀ lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Wọ́n ní ọkàn mi ò ṣe nǹkan kan nígbà yẹn, àmọ́ tí mo bá gun àtẹ̀gùn mẹ́rin péré, mímí á dogun."

"Ẹ káàbọ̀, mà," ló fi dá a lóhùn.

Ayàwòrán kò gbàgbé ọjọ́ tó kọ́kọ́ yà á. Ọ̀gá Onílà làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí pé kí ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì tó ya ọkàn, ẹnì kan ní láti fa ìlà lórí kọ̀ǹpútà síbi tí àwòrán yóò ti gé e wò, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n fà bíi tirẹ̀. Apá òsì ọkàn kò ní wàhálà. Ó rí roboto bí ọsàn. Apá ọ̀tún ló lágídí. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì bí àpò tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀wù, ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló sì ń fẹ́, láti ẹnu ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé títí dé ṣóńṣó ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, aránṣọ ń wúkọ́, kò lè dá èémí dúró, ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́, ilé sì ti ń yá ayàwòrán. Ó bá fi ìlà apá òsì ya ọ̀tún. Ìlà náà kò dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ohun tí kò sí nínú àwòrán, dókítà kò lè rí i. Ó kọ ọ́ pé apá ọ̀tún kò tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó fara balẹ̀. "Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ẹ dá a dúró." Ikọ́ dé. "Ẹ sinmi, mà, a ò kánjú." Ọ̀rọ̀ náà gún òun fúnra rẹ̀ lọ́kàn.

Àwòrán jáde. Apá ọ̀tún ti fẹ̀, ó ti ń ti ògiri àárín sọ́dọ̀ òsì. Ó ṣí àwòrán àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ó gbé fóònù.

"Dókítà, àwòrán ọkàn aránṣọ tí mo yà lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, èmi ni mo bà á jẹ́. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti fẹ̀."

Dókítà ní: "Ìgbà yẹn ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá sọ fún un. Mò ń bọ̀."

Ayàwòrán jókòó ti aránṣọ, ó ṣàlàyé bí òun ṣe fìkánjú fa ìlà náà. Aránṣọ ní: "Ọkọ mi ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Èmi náà sì gbà á gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ foríjì mí."

"Má tíì bẹ̀ mí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbádùn ná."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ náà. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta, wíwú náà ti lọ sílẹ̀ dáadáa. Ọsibítù kọ̀wé ìkìlọ̀ fún ayàwòrán. Kò ṣàròyé. Ó lọ tú gbogbo àwòrán tó fìkánjú yà nírọ̀lẹ́ lọ́dún yẹn, ó rí méjì mìíràn tí ìlà wọn kò dé ibi tó yẹ. Ó pe àwọn méjèèjì tó ni àwòrán náà. Ọ̀kan padà wá, ó tún un yà, ọkàn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Fóònù ẹnì kejì kò lọ. Àràárọ̀ ló ń pè é, kó tó tan ẹ̀rọ.