Lẹ́ńsì Gígùn àti Kéèkì Valda

Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ìwà agọ̀ Noelene Trewin ni kó ṣíwájú, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í fi pamọ́: pẹ̀lú ìdí ńlá tí Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀, àti orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ìyá àgbà yìí gun àpótí nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó ń fi kámẹ́rà yọjú wo bí aládùúgbò rẹ̀ ṣe ń po kéèkì.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ní àwọn yóò ra kámẹ́rà fún un, torí pé ẹgbẹ́ obìnrin ìlú Wirrabeen ti fi í ṣe ayàwòrán Ọjọ́ Ìpàtẹ, ọjọ́ ìdíje kéèkì àti irè oko. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Mildura gbé lẹ́ńsì méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan kúrú, òun ló máa ń bá kámẹ́rà wá látilẹ̀. Èkejì gùn bí ìgò ọtí, ó sì ń fa ohun tó wà lọ́nà jíjìn wá síwájú imú ẹni. Ọmọbìnrin náà bi í léèrè ohun tó fẹ́ máa yà. Ó ní èèyàn ni, àti kéèkì, nínú gbọ̀ngàn onípáànù.

“Ẹ mú kúkúrú yìí, Màmá. Á gba gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú yín. Àwọn tó ń ya ẹyẹ ló nílò gígùn yẹn.”

“Èmi náà máa ń ya ẹyẹ,” ni Noelene wí.

Irọ́ funfun báláú. Ẹyẹ tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò níyẹ̀ẹ́, épírọ́ọ̀nù ló wọ̀. Valda Hocking ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń tọ́mọ, tí fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ kọjú sí tiẹ̀ ní òdìkejì títì. Lọ́dọọdún ni kéèkì sọ́ńjì Valda máa ń wú bí ìrọ̀rí tuntun, tó sì ń gba rìbọ́ọ̀nù búlúù ti ẹ̀bùn kìíní ní Ìpàtẹ. Ti Noelene a máa jìn láàárín bí ibi tí màlúù sùn sí. Valda ní òun kò ní àṣírí kankan, kí Noelene ṣáà yéé ṣí ààrò wò kí kéèkì tó jinná. Noelene kò gbà á gbọ́. Ta ni yóò gbé kéèkì síná tí kò ní yọjú wò ó?

Gbogbo ohun tó rí yà lórí àpótí náà kò ju ìdí ológbò Valda lọ, tó jókòó sí ojú fèrèsé.

Ọjọ́ Ìpàtẹ wá pé. Nínú gbọ̀ngàn, lẹ́ńsì gígùn kò gbà ju imú ẹnìkan lọ. Kí àwọn obìnrin tó dúró ti jáàmù wọn tó lè wọ inú àwòrán, Noelene ní láti máa fẹ̀yìn rìn. Ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi jókòó lé elégédé tó gba ẹ̀bùn kìíní. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, tiẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó tún fẹ̀yìn bọ́ síta.

Ibẹ̀ ló ti rí Valda lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́bàá mọ́tò rẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà sójú. Lẹ́ńsì fà á wá kedere: àgbọ̀n Valda, ọwọ́ kan, àti páálí funfun onílà àwọ̀ ewé ti ilé búrẹ́dì ìlú, tí kéèkì sọ́ńjì ń yọrí láti inú rẹ̀. Òfin Ìpàtẹ kò sì rújú: ohun tí o kò fọwọ́ ara rẹ yan, má gbé e wá.

Ó ya á. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn. Kò bojú wẹ̀yìn, ó tọ Mìsíìsì Quilter lọ, àgbà tó ń ṣe olórí ìdíje kéèkì. Ó ní òun kò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá òun wo nǹkan. Mìsíìsì Quilter wò ó, ó tún un wò, ó mí kanlẹ̀. Nígbà tí Valda gbé kéèkì rẹ̀ sórí tábìlì tó sì jáde, Mìsíìsì Quilter da aṣọ ìnuwọ́ bò ó, kí adájọ́ má bàa kà á mọ́ ìdíje. Adájọ́ tó wá láti ìlú mìíràn gé ìyókù, ó tọ́ ọ wò, ó fi rìbọ́ọ̀nù búlúù sórí ti Noelene, tó ti fi ọ̀rá wàrà dí kòtò àárín rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tí wọ́n ń pín tíì ni Valda tó bá kéèkì rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Mìsíìsì Quilter pe àwọn méjèèjì sẹ́yìn ìkòkò tíì, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ẹ̀sùn náà. Valda wọ́ ìbàdí rẹ̀ tó ń dùn ún lọ sídìí mọ́tò, ó gbé páálí òfìfo wá, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì.

Tépù wà ní ìdí rẹ̀. Kò sí obìnrin Wirrabeen tó ń gbé àwo oúnjẹ lọ síbi àpèjọ tí kì í kọ orúkọ sára tépù lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ti Noelene ti di àrùn. Páálí tí ẹlòmíì ì bá sọ síná, òun a lẹ tépù mọ́ ọn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: NOELENE. Ẹ DÁ A PADÀ. Inú páálí yìí ni Noelene kó ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sí, tó gbé e lọ fún Valda nígbà tí ìrora ìbàdí náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀; òun ni Valda tún fi gbé kéèkì ọwọ́ ara rẹ̀ wá.

Ojú ti Noelene. Kì í ṣe ìtìjú elégédé, tí èèyàn lè gbọ̀n dànù lára yẹ̀rì. Eléyìí gbóná láti ọrùn títí dé etí. Ó wá ẹ̀rín tó máa ń fi yọ ara rẹ̀ nínú ọ̀ràn gbogbo, kò rí i. Mìsíìsì Quilter ní adájọ́ ti lọ, ìdájọ́ kéèkì kò ṣeé tún ṣe mọ́. Noelene já rìbọ́ọ̀nù kúrò lára tiẹ̀, ó nà án sí Valda.

Valda kò gbà á. Àwòrán ló ní kí ó fi han òun. Ó na kámẹ́rà jìnnà sójú torí kò mú awò ojú dání, ó sì wò ó pẹ́.

“Ọwọ́ mi kejì dà?”

Noelene ní kò wọ inú àwòrán. Ó ní bí lẹ́ńsì náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gbà.

“Mò ń fi í juwọ́ sí ọ ni,” ni Valda wí. “Mo ní kó o wá bá mi gbé páálí, torí ìbàdí mi. Mo juwọ́ títí ọwọ́ fi ro mí. Nígbà tó o gbé nǹkan yìí kúrò lójú, Noelene, ṣé o ò rí mi ni?”