Kò Tíì Jókòó Lórí Ooru

Ọdún méjì ni ọkọ mi, Ajíbádé, fi jagun Ìjàyè. Ọdún méjì náà ni mo fi dá kọ ebè lóko wa lẹ́bàá Akínyẹlé, tí mò ń dá wa iṣu, tí mò ń dá rù ú. Nígbà tí ìlú náà tú, tí Ajíbádé dé, ojú tí mo ti ń rí lójú àlá ti rù kan eegun. Mo sáré kí n lọ dì mọ́ ọn. Obìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọyábùnmi lorúkọ rẹ̀," ó wí. "Olórí ogun wa ló fi ta mí lọ́rẹ. Ó bímọ lójú ogun, ọmọ náà kú lọ́nà. Àbíkẹ́, bá mi fi í jókòó lórí ooru. Tó bá ti jókòó tán, màá fi ṣaya."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí n bu omi wá. Ogun ti tán an lókun.

Ìkòkò ewé ìyeyè àti ẹfinrin ni ooru náà, tó hó títí. A ó wá dojú odó àtijọ́ kan tí ìdí rẹ̀ ti lu dé e, kí ooru máa gba ihò yẹn jáde. Ìyá ọmọ á jókòó lé e, a ó fi aṣọ bò ó láti ìbàdí dé ilẹ̀. Ọjọ́ méje gbáko. Inú tó ṣí á padé, ẹ̀jẹ̀ búburú á dà nù. Jagunjagun kì í sì í fọwọ́ kan ìyá ọmọ tí kò tíì jókòó. Wọ́n ní gbogbo oògùn ara rẹ̀ ni yóò bàjẹ́.

Mo gbé ìkòkò kaná. Ọyábùnmi wò ó, ó mirí.

"Mi ò jókòó, ìyá mi."

"Ìwọ ẹrú yìí, ta ló bi ọ́ léèrè?"

"Ẹ nà mí. Mi ò jókòó."

Ká sòótọ́, inú mi dùn. Bí kò bá jókòó, kò ní di ìyàwó, èmi nìkan ni Ajíbádé yóò máa rí. Mo da omi náà nù. Mo sọ fún ọkọ mi pé agídí ọmọ Ìjàyè yẹn pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kẹrin, lóko, Ọyábùnmi wó lulẹ̀ sáàárín ebè. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná bí ààrò. Òórùn tó ń ti ara rẹ̀ jáde kì í ṣe ti òógùn.

"Ṣé o fẹ́ kú ni? Mo ní kó o jókòó, o kọ̀."

"Ọkọ mi sá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ó ní tí ọ̀nà bá là, òun á wá mi wá. Tí mo bá jókòó, ọkọ yín á mú mi. Ẹ̀jẹ̀ yìí nìkan ni ilẹ̀kùn tí mo ní, ìyá mi."

Èmi tí mo ti dá sùn fún ọdún méjì, tí mo máa ń bá ewé iṣu sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Ajíbádé ni, ta ni kí n tún bi léèrè ohun tó ń wí?

Ajíbádé ti lọ dẹ̀gbẹ́ nínú igbó jíjìn, yóò tó ọjọ́ mélòó kan kó tó dé. Mo gbé ìkòkò kaná nínú ahéré oko, mo sì lọ gbé odó wá. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo ooru náà kó má baà bó o lára. Ọyábùnmi jókòó, ó di èjìká mi mú, omijé ń dà lójú rẹ̀ láìpariwo.

"Ọkọ yín á gbóòórùn ewé lára mi."

"Tó o bá ṣe tán, dìde, kí èmi náà jókòó."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín rí. "Kí lẹ bí?"

"Iṣu ni mo bí. Ẹgbẹ̀rún kan. Dìde jàre!"

Ọjọ́ méje la ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ keje, ní ìrọ̀lẹ́, Ajíbádé ti ti ìgbẹ́ dé, ó pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó ṣímú sókè.

"Ewé ń rùn. Ó ti jókòó?"

"Èmi ni."

"Ìwọ? Kí lo fẹ́ fi ooru ṣe?"

"Ọdún méjì ni mo fi ń ru iṣu yín, olówó orí mi. Ìbàdí ń ro mí."

"Òun ńkọ́?"

Mo wo Ọyábùnmi. Ojú rẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀. Ó tẹ orí ba kíákíá.

"Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà lára rẹ̀. Kò tíì jókòó. Ẹ fi í sílẹ̀ títí iṣu tuntun yóò fi jáde."

Ajíbádé gbójú kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tó rí èèwọ̀. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tí kò dì mú láti ọdún méjì. Mo gbórí lé e láyà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu tuntun ku oṣù mẹ́rin. Ojoojúmọ́ ni yóò máa bi mí, ojoojúmọ́ ni n óò sì máa wo ojú tí mo fẹ́ràn yìí, tí n óò máa wí fún un pé kò tíì.

Mo pajú dé. Àárẹ̀ mú mi débi pé n kò gbọ́ ohun tó ń sọ sí mi létí.