Jẹ̀díjẹ̀dí Màmá Bàrákàt

Àárọ̀ Sátidé ni, ó sì ti rẹ Bàrákàt débi pé ó ń tòògbé lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Iṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó ní Nunhead, nílùú òyìnbó, ló ti ń bọ̀. Aràn tín-ín-rín funfun ti tún yọ nídìí Yusrah, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ọmọ náà ò fojú kan oorun gidi, kó sáà máa họ ìdí.

Màmá rẹ̀, Hàlímọ̀tù, jókòó ní kíṣìnnì, ó ń họ kóró inú ìbẹ́pẹ tó rà lọ́jà Rye Lane. Òun ló kọ́kọ́ gba ìtọ́jú náà ṣe. Ó fún omi ewúro, ó gún kóró ìbẹ́pẹ mọ́ oyin, ó tún ra ìyẹ̀fun ewé dóńgóyárò lọ́wọ́ bàbá ará Íńdíà kan tó ní òun ni wọ́n fi ń lé aràn nílé àwọn. Yusrah bì gbogbo rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ìgbà náà ni Bàrákàt gba kẹ́míìsì lọ. Wọ́n ní kí gbogbo ará ilé jẹ tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n máa fọ ṣíìtì bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sì gé èékánná, torí ẹyin aràn máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ku ẹnì kan, aràn á padà wá.

"Mummy, ẹ fi ìbẹ́pẹ yẹn sílẹ̀ jàre," ni Bàrákàt wí. "Gbogbo wa la jẹ oògùn, kò ràn án. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èmi ni mi ò fọ aṣọ dáadáa."

Hàlímọ̀tù gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Gbogbo wa kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, síǹkì ló tu tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kó wá máa jẹ oògùn aràn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi! Lóòótọ́, ìdí ń yún òun náà, ṣùgbọ́n jẹ̀díjẹ̀dí ló pè é, ó di ẹ̀bi náà ru ṣúgà inú tíì, ó sì ń mu àgbo sí i. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan náà lòun àti Yusrah ń sùn. Ọwọ́ tó fi ń họ ìdí náà ló fi ń fi òkèlè sí ọmọ lẹ́nu.

"Bàrákàt, mo tu tèmi dànù."

"Kí lẹ tu dànù?"

"Oògùn. Ìdí ń yún mi ju ti ọmọ ẹ lọ."

Bàrákàt jókòó sórí aṣọ ìdọ̀tí. "Ẹ wá ń wò mí níran, Mummy? Ojoojúmọ́ ni mò ń fọ ṣíìtì!"

"Ojú ló tì mí. Ìdí ńlá báyìí, tó ń gba àga méjì nínú bọ́ọ̀sì, aràn wá fi ṣe ilé!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rín in.

Bàrákàt fún un ní tábúlẹ́ẹ̀tì, ó dúró títí ó fi gbé e mì, òun àti Yusrah náà tún gbé tiwọn mì, ó sì lọ sùn.

Hàlímọ̀tù ti ṣíìtì bọ inú ẹ̀rọ. Ó mú abẹ ìgé-èékánná.

"Yusrah, mú ọwọ́ wá."

"Grandma, tiyín ńkọ́?"

"Tèmi la ó kọ́kọ́ gé."